Màsà Onífọ́tò

Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé wa nítòsí Ọjà-Ọba n'Ílọrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń forí lé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi. Olúkúlùkù wọn ló ti ní òwò kan lórí tó fẹ́ dá sílẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe é nínú wọn. Ẹni tó ti jókòó nídìí tábìlì títí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ fi ń dán á dé, á ní kúlíkúlí lòun fẹ́ máa ṣe, ṣùgbọ́n kúlíkúlí tòun ò ní jọ ti ẹnikẹ́ni. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ ẹ̀pà rí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Màsà, àkàrà ìrẹsì, ni mo ń dín. Ìyá mi ló fi sí mi lọ́wọ́, òun náà sì bá a lọ́wọ́ ìyá tiẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi ò mọ sórí màsà. Ohun tí iná bá lè sè, tí òróró bá lè dín, bí mo bá fojú rí i lẹ́ẹ̀kan, mo lè ṣe é. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn nìyẹn pé, tí o bá ní nǹkan lórí, lọ bá Ìyá Onímàsà, yóò bá ọ ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Èmi á ṣe àkọ́kọ́, wọ́n á gbé e jáde, aráyé á tọ́ ọ wò. Bó bá dúró, mo padà sídìí iná mi. Bí kò bá dúró, mo ṣì padà sídìí iná mi.

Èyí tí kò dúró ló pọ̀ jù. Ọkùnrin kan tó kúrò níbi iṣẹ́ omi fẹ́ máa ṣe ọṣẹ. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ fi fọ aṣọ, ó ní rárá, ó gbé e fún ìyá ìyàwó rẹ̀ kó fi wẹ̀. Awọ ẹ̀yìn obìnrin náà bó bí èèpo ẹ̀gẹ́. Mo fi rẹ́rìn-ín ní gbogbo oṣù ààwẹ̀ ọdún náà, àní nígbà tí ebi ń pa mí. Obìnrin kan tún wà tó rọ kúnú, omi ọkà tó máa ń kan, sínú ìgò, tó dé e pa, tó kó o sẹ́yìn ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í bú, awakọ̀ sá wọgbó, ó ní wọ́n ń yìnbọn fún òun. Ìwọ tó jókòó tì mí, tó ò ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀, má rẹ́rìn-ín jù, mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mi. Bàtà rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó ti fi nǹkan nù ún. Ó ra màsà, ó jẹ ẹ́ lóòró, ó sì ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tí ń wo ojú egbò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá, ọkọ mi ní kí n wá mú yín wá."

Mo ní ṣé ọkọ rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ ni.

"Ó lẹ́sẹ̀," ó dáhùn. "Ọwọ́ ni."

Tíṣà ni mo wá ń pè é, nítorí pé ó ti ṣe iṣẹ́ tíṣà rí kí ọkọ rẹ̀ tó ní kó fi í sílẹ̀ kó wá jókòó sílé. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, láti apá Ọ̀mù-Àrán, GRA ni wọ́n sì ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Kí n tó rójú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àṣẹ dé pé kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, òun ni wọ́n ní kó pe orúkọ àwọn tó máa lọ. Wọ́n ní ńṣe ló ń pè é bí ẹni tí ń pín ẹ̀bùn, pé tó bá pe ọ̀kan tán, á gbójú sókè kó lè rí bí ojú onítọ̀hún ṣe ń yí padà. Mẹ́séńjà kan wà tó ti ń bá a gbé báàgì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ọ̀gá pe orúkọ mẹ́séńjà yìí mọ́ àwọn tó ń lọ, ó wá sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé, "Kí o tó máa lọ, bá mi ra oúnjẹ ọ̀sán wá." Ọkùnrin náà sì lọ rà á. Ohun tí kò jẹ́ kí ìtàn yẹn tán lẹ́nu àwọn èèyàn nìyẹn, pé ó lọ rà á.

Kò pẹ́ tí àṣẹ mìíràn dé, ẹlòmíì ló pe orúkọ tiẹ̀. Wọ́n ní ó dìde, ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dáadáa, ó rìn dé ìdí ọkọ̀, ibẹ̀ ni apá ọ̀tún ti kú mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ náà kò jáde mọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí apá tó ń fì bí ọmú arúgbó. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi níwájú ilé, eruku bò ó, àwọn ọmọ aládùúgbò ń fìka ya ẹranko sí i lára.

Ilé ìjọba ni ilé tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ọyẹ́ bá ti lọ, kó jáde. Ó ti kọ́lé sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ. Àbúrò ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀, àwọn ti gbálẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, èyí tó fara kan ọgbà ewúrẹ́. Ọ̀gá ní òun ò ní sùn ti ewúrẹ́ nínú ilé tí òun fowó ara òun kọ́. Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó lọ, òwò tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa tà, kí wọ́n lè fi gba ilé mìíràn n'Ílọrin. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyí: màsà tí kì í ṣe ti ẹ̀bá títì. Màsà tí wọ́n fi ọ̀rá dì, tí ẹnu ọ̀rá náà lẹ̀ pinpin, tí ìwé pélébé wà lára rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ lè fi sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé wọkọ̀. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. N'Ílọrin nígbà yẹn, bí o ò bá rí màsà jẹ láàárọ̀, ó di ọjọ́ kejì.

Àárín wa ò gún láti ọjọ́ kìíní. Ó fẹ́ oníyọ̀, ó fẹ́ oníṣúgà, ó fẹ́ aláta, ó fẹ́ èyí tó ní ẹyin nínú, ó sì tún fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa dín in fúnra rẹ̀. Mo ní ká mú ẹyọ kan, ká ṣe é títí yóò fi dúró, ká gbé e fún èèyàn jẹ, ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Onímàsà," ó ní, "ìwé mélòó lo kà?"

Mo ní mi ò kà rárá.

"Ó hàn. Ọ̀kan ṣoṣo náà lo lè kà dé."

Mo palẹ̀ agbọ̀n mi mọ́, mo ní mò ń lọ. Mo ti dé ẹnu géètì kó tó rán ìyàwó rẹ̀ sí mi pé òun gbà, ká mú oníṣúgà. Kò bẹ̀ mí o. Kì í bẹ èèyàn. Ọyẹ́ ló ń lé e.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní bàjẹ́. Nígbà tó ṣì gbóná la dì í. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, inú ọ̀rá ti làágùn, màsà ti ń yọ̀ bí ahọ́n òkú ẹran. Ọ̀gá fọwọ́ òsì mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé kò sọ fún obìnrin náà kó la ọwọ́. Ó ti là á sílẹ̀ dè é.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ojútùú. Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ọpọlọ rẹ̀ ò bá apá rẹ̀ kú. Ó ní ká má dì í ní gbígbóná mọ́, ká tò ó sórí ajọ̀, ká jẹ́ kí atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù dénú. Òun náà ló ronú àbẹ́là àti irin ayùn: wọ́n á ká ẹnu ọ̀rá mọ́ etí irin ayùn, wọ́n á fà á kọjá lórí iná àbẹ́là, ọ̀rá á yọ́ díẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ méjì ni. Tíṣà ló ń ṣe é. Iná máa ń jó o ní ìka, ó sì kígbe lọ́jọ́ kan.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìka mẹ́wàá lo ní. Márùn-ún ni tèmi, o ò sì gbọ́ ohùn mi."

Láti ìgbà náà, àfi bí ìka bá ń ta sàì létí iná, o ò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Orí ìka rẹ̀ wá ń dán bí ìdí ṣíbí. Èmi náà ò ṣàánú rẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò bá lẹ̀ dáadáa, mo máa ń jù ú padà sí i lẹ́sẹ̀ pé kó tún un ṣe. Àwa mẹ́ta la wà nínú kíṣìnnì yẹn, kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ rere kan fún ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni màsà ń dára sí i lójoojúmọ́.

Mo mú díẹ̀ lọ sílé. Ìyáàlé mi gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í, ó ku kí wọ́n kírun sí i lára." Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá kan tiẹ̀, ọ̀rá náà la máa lò, ká má fi aṣọ funfun ṣòfò. Ó já ọ̀rá, ó jẹ ẹ́. Ó sì nawọ́ sí òmíràn láì wò mí lójú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èyí máa dúró.

Ó wá ku ìwé pélébé ara rẹ̀. Ọ̀gá ní nǹkan tí kò bá ní ojú, kò sẹ́ni tó máa gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n tẹ fọ́tò òun sí i, kí aráyé lè mọ ẹni tó ni ín. Tíṣà kó àwọn fọ́tò jáde, ó mú èyí tó fi kóòtù wọ̀ pẹ̀lú táì, tó jókòó gbọnyin, nígbà tí ọwọ́ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó mú un lọ bá atẹ̀wé kan ní ìgboro. Ọkùnrin yẹn ní iṣẹ́ tí òun mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, fọ́tò èèyàn lórí ìwé. Ó ní òun á fi ìlà dúdú yí i ká kí ojú lè yọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n kó o dé, mo gbé ọ̀kan sójú oòrùn. Ó wù mí. Mo ní Ọ̀gá ṣe arẹwà. Bóyá ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo tí mo sọ nínú ilé náà nìyẹn.

A fi ọjọ́ Jímọ̀ ṣe ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, nítorí pé inú àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò ní sanwó lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kí wọ́n tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á máa wá a kiri. Mo gbà. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Láti àsùbáà la ti ń dín. Àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló gbé e sórí, wọ́n wọ ilé dé ilé ní GRA, wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀. Ọ̀kan nínú wọn padà wá gba kún un, ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe àdúà sí i. Ó ní mègáádì kan tiẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe é gùn ní èdè tí òun ò gbọ́, òun sáà ṣe àmín. Inú wa dùn. A rò pé àdúà ọjà ni.

Àwọn obìnrin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ wọlé. Kí Tíṣà tó sọ pé ẹ káàbọ̀, wọ́n ti dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń sunkún. Mo gbé àwo wá láti kíṣìnnì, mo bi ọ̀kan pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó na ọ̀rá màsà sí mi lójú. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Níbo lèèyàn ti ń rí fọ́tò oníkóòtù tí ìlà dúdú yí ká n'Ílọrin, bí kò ṣe lára ògiri, lọ́jọ́ tí olówó ilé bá kú? Oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọ ilé dé ilé láàárọ̀ Jímọ̀ láì gbowó, sàárà kí ni? Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí níta láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, kí ni wọ́n á rò pé ó ṣe é?

Ọ̀gá wà nínú yàrá kejì, kọ́tìnì ló là á láàárín pẹ̀lú pálọ̀. Tíṣà já ara rẹ̀ gbà, ó sáré wọlé lọ pè é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí, mò ń rí ìhà méjèèjì. Ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Jẹ́ kí n gbọ́," ó ní.

"Dádì, wọ́n ń sunkún."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Padà lọ jókòó."

Ó padà lọ jókòó. Kò sọ fún wọn pé ó wà láàyè; opó kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sẹ́ni tó fura. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó gbé ìka sí ètè. Èmi náà fẹ́ gbọ́.

Pálọ̀ kún. Olórí akọrin mú Tíṣà léjìká, ó ní, "Ó ti sinmi. Ìwọ náà á wá sinmi báyìí." Ó tún un sọ, èyí tó sọ kejì sì rinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn tó kù mi orí. Ìyàwó ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ilé náà wá pẹ̀lú. Ó kí wọn tán, ó gbójú sí àjà, ó bèèrè bóyá òjò máa ń jò sí kíṣìnnì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ jókòó, wọ́n ń sọ bó ṣe máa ń pe orúkọ èèyàn, ọ̀kan ń sín in jẹ, àwọn tó kù ń fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó sọ pé èèyàn rere ló lọ. Mo ń retí rẹ̀. Mo wo Ọ̀gá, mo rí i pé òun náà ń retí rẹ̀. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ kọ́tìnì bí ẹni tí etí ń dùn.

Ẹ̀yìn náà ni mẹ́séńjà wọlé. Ó ti hu irùngbọ̀n funfun. Kò sunkún, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga tó súnmọ́ kọ́tìnì. Ó mú ọ̀rá màsà jáde nínú àpò, ó fi eyín já a níbi ojú fọ́tò gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo pálọ̀ ń wò ó. Ó gbé e mì, ó fahọ́n wá ṣúgà lára ètè rẹ̀.

"Ó dùn," ó ní. "Ó dùn ju ẹni tó kú lọ."

Ẹnì kan pa ẹ̀rín sínú gèlè. Ẹlòmíì ò lè pa tiẹ̀ mọ́ra. Láìpẹ́, àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ ti ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Tíṣà sorí kọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí, mò ń rí ẹnu rẹ̀. Igun ẹnu rẹ̀ kan lọ sókè. Ó gbìyànjú kó mú un padà wálẹ̀, kò wá. Mo yíjú wo kọ́tìnì. Ó ti là díẹ̀, ojú Ọ̀gá sì wà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́séńjà ló ń wò, ìyàwó rẹ̀ ni.

Ó fi apá òsì ká kọ́tìnì kúrò, ó jáde sí wọn.

Olórí akọrin ṣubú sórí àwo. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sá jáde, bàtà wọn kù sílẹ̀. Ọ̀gá ò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó rìn lọ bá mẹ́séńjà, apá ọ̀tún ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti dìde dúró láì mọ̀ pé òun dìde, bó ṣe máa ń dìde láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ṣé ó dùn lóòótọ́?"

"Ó dùn, sà."

"Ṣúgà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣe déédéé, sà."

"Ẹ máa rà á láti ọjọ́ Ajé," ni Ọ̀gá wí, ó sì padà sínú yàrá.

Ta ló rà á? Kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọdé ti ń pè é ní màsà òkú. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù dá a padà. Ọ̀kan fi igi ìgbálẹ̀ tì í sí wa, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Àbúrò Ọ̀gá gbọ́ nílé, ó wá, ó sì mú káfíńtà onípósí dání. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó, tó ń mu ẹ̀kọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí káfíńtà ti wọkọ̀ wá, kó kúkú wọn ọ́n sílẹ̀.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé màsà ò ṣẹ̀, fọ́tò ló ṣẹ̀. Mo ní ká yọ ìwé náà kúrò, ká fi ọ̀rá lásán dì í, ká gbé e lọ sí ìhà tí wọn ò ti mọ̀ wá, kó tó pé oṣù kan, yóò ti máa tà. Ó bi mí bóyá òun ti kú. Mo ní rárá. Ó ní nígbà náà, kí ló dé tí òun fi máa fojú òun pa mọ́? Ó ní kí wọ́n tún tẹ púpọ̀ sí i. Ó ní kí Tíṣà máa gbé àwo jókòó sẹ́nu géètì láàárọ̀, kó máa na ojú ọkọ rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Obìnrin náà jókòó síbẹ̀ nínú ọyẹ́, ètè rẹ̀ là yánnayànna, àwọn èèyàn ń gba òdìkejì títì kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló ń gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Lálẹ́, èyí tí kò tà ló ń ní kó jẹ.

Ọyẹ́ lọ. Àwọn tó gba ilé náà gbé àga wọn dé kí ti Ọ̀gá tó jáde tán. Ọ̀gá wọ ìlú wọn lọ, sí yàrá tó fara kan ọgbà ewúrẹ́.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Tíṣà ránṣẹ́ sí mi pé ó ti kú, kí n jọ̀ọ́ wá bá òun dín màsà fún àlejò. Mo gbé àwo olójú tí mo fi ń dín màsà, mo wọkọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ ilé tó fowó ara rẹ̀ kọ́, àyè náà ò kún. Àwọn akọrin Ìlọrin ránṣẹ́ pé àwọn ti kí wọn tẹ́lẹ̀, àwọn ò lè ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ò tiẹ̀ ránṣẹ́. Mẹ́séńjà nìkan ló wá. Ó rìn lọ sí ìdí pósí, ó wo inú rẹ̀ pẹ́ bí ẹni tó fẹ́ rí i dájú. Ó wá bá wa lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń dín, tí àwọn ọmọ àbúrò olóògbé ti ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn.

"Ṣé ẹ ti ń tà á báyìí?" ó bi Tíṣà.

Tíṣà wò mí. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì gbé àbẹ́là àti irin ayùn jáde. Wọ́n ti wà nínú ẹrù rẹ̀ láti Ìlọrin. Ó dì í fún un nínú ọ̀rá lásán, kò sí ojú ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ó sì gbowó. Ìyàwó àbúrò rí i, ó ní kó di tòun náà, òun fẹ́ gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Kí wọ́n tó gbé pósí jáde, a ti ní kí wọ́n tún lọ lọ ìrẹsì wá.

Ó jókòó tì mí, ó ń fa ọ̀rá kọjá lórí iná pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ tó ń dán yẹn. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Kò sunkún láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò sì retí rẹ̀.

"Ìyá," ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, kò gbójú sókè, "ká ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló ti kú lóòótọ́ ni, a kì bá tí kúrò n'Ílọrin."

Mo yí màsà tó wà nínú àwo padà. Ìhà kan ti jinná.